Ogun Àwítẹ́lẹ̀ Tó Ń Pa Arọ

Àwọn àgbà ní ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta fara sin sínú rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wí i. Arọ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ ní èdè tó yé e, láti ẹnu ẹni tó gbà gbọ́. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó mọ ibi tí yóò forí lé àti ìgbà tí yóò kúrò nílé, nítorí arọ kò lè sáré nígbà tí ogun bá ti wọ ẹnubodè. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọgbọ́n arọ kò lè gbà á. Ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà nìyẹn, láti ọdún 2012 tí omíyalé ti pa èèyàn 363 tó sì lé mílíọ̀nù méjì kúrò nílé wọn, títí di àkókò yìí. Wọ́n ń wí ogun náà tẹ́lẹ̀ lọ́dọọdún, ogun náà kò sì yé pa èèyàn.

Ọdún 2022 ni ẹ̀rí tó hàn jù lọ. Kí òjò ọdún náà tó gbilẹ̀ ni àjọ NIHSA, tó ń mójú tó ìṣàn odò, ti gbé ìwé àsọtẹ́lẹ̀ ọdọọdún rẹ̀ jáde. Ìwé náà ka ìjọba ìbílẹ̀ 233, ní ìpínlẹ̀ 32 àti Àbújá, mọ́ ibi tí ewu omíyalé ti pọ̀ jù. Àjọ NiMet, tó ń wo ojú ọjọ́, ti sọ tirẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, tí àwọn ará Kamẹrúùnù bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi dáàmù Lagdo sínú odò Benue, àjọ NEMA kìlọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ tó wà létí odò. Kò sí ẹni tó lè sọ pé wọn kò wí. Síbẹ̀, kí ọdún náà tó parí, omi ti pa èèyàn tó lé ní 600, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 1.4 sì ti di aláìnílé. Lọ́kọ́jà wà nínú omi. Ọ̀nà tó wọ Bayelsa gé. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogbaru, ní ìpínlẹ̀ Anambra, ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn tó ń sá fún omíyalé dojú dé ní oṣù Kẹwàá, èèyàn 76 sì bá a lọ. Àwọn yẹn gbọ́n, wọ́n sì sá. Ìgbà tí wọ́n sá ni ó ti pẹ́ jù.

Lẹ́yìn ìparun náà, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní ìkìlọ̀ tó tó ti wáyé, àwọn ìpínlẹ̀ àti àwọn ará ìlú ni kò kà á sí. Àwọn ìpínlẹ̀ ní owó kò sí lọ́wọ́ àwọn. Àwọn ará ìlú ní àwọn kò gbọ́ ohun tó yé àwọn. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé gbogbo wọn lè máa sọ òótọ́. Ìwé lè ti Àbújá jáde, kí ó dé orí tábìlì gómìnà, kí ó sì kú síbẹ̀ láìdé etí ìyá tó ń yan ẹja létí odò Ọya. Iṣẹ́ tí a rán tí kò dé kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí a kò rán.

Àwọn olùwádìí ti wo ọ̀rọ̀ yìí fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Dennis Mileti àti John Sorensen, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí nípa ìkìlọ̀ jọ ní ọdún 1990. Ohun tí wọ́n rí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ èèyàn. Ẹni tó gbọ́ ìkìlọ̀ kì í dìde sá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ yọjú wo òfuurufú, yóò bi aládùúgbò bóyá òun náà gbọ́, yóò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, yóò máa retí ẹnu kejì tí yóò fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Èyí kì í ṣe òmùgọ̀, bí ọmọ èèyàn ṣe ń ronú ni. Nítorí náà, ìkìlọ̀ tó ń gba ẹ̀mí là gbọ́dọ̀ sọ ewu tó ń bọ̀, ibi tí yóò dé gan-an, àkókò tí yóò dé, ohun tí olúkúlùkù yóò ṣe, àti ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ ti ẹnu púpọ̀ jáde, láìjẹ́ pé ẹnu kan ń tako èkejì.

Kí a fi òṣùwọ̀n yìí wọn ìkìlọ̀ ọdún 2022. Ìjọba ìbílẹ̀ 233 jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Nàìjíríà, àkókò òjò sì jẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó bá gbọ́ irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ẹnì kan nínú agbo ilé yìí yóò ṣàìsàn lọ́dún yìí. Òótọ́ lè ni, ṣùgbọ́n kí ni kí ó ṣe sí i? Ìwé àsọtẹ́lẹ̀ náà wúlò fún ẹni tó ń ṣètò owó àti oúnjẹ ìrànwọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹnu àtẹ́ lu àwọn tó ṣe é. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn aláṣẹ gbà pé ìwé náà ni ìkìlọ̀. Yorùbá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Òwe náà bá ìjókòó àgbà mu, kò bá ọjọ́ omíyalé mu. Odindi ọ̀rọ̀ ni ẹni tí ikú ń bọ̀ wá bá lóru nílò.

Ìdí mìíràn tí ọ̀rọ̀ kì í fi í pé ni ìbẹ̀rù àwọn aláṣẹ. Wọ́n gbà pé bí àwọn bá sọ òótọ́, ìlú yóò dàrú. E. L. Quarantelli, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé ìwádìí nípa àjálù sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní ọdún 1963, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti yẹ ìgbàgbọ́ yìí wò. Ó rí i pé ìdàrúdàpọ̀ tí àwọn aláṣẹ ń bẹ̀rù kò wọ́pọ̀. Nígbà ewu, aládùúgbò ń fa aládùúgbò yọ, ọmọ ń gbé ìyá pọ̀n. Ohun tó ń pa èèyàn ju ìpayà lọ ni ìfọ̀kànbalẹ̀ tí kò nídìí.

Maiduguri mọ èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, bí omi ṣe ń ga nínú dáàmù Alau, ará ìlú ń kọminú, àwọn aláṣẹ sì ń fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí ewu. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹwàá oṣù náà tó mọ́, dáàmù náà ti ya. Omi bo apá tó pọ̀ nínú ìlú, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn sá kúrò nílé, odi ọgbà ẹ̀wọ̀n wó, ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 200 sì bọ́ sí ìgboro. Dáàmù yìí kan náà ti ya rí ní ọdún 1994. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, ekòló ni í sá fún, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ejò gan-an ni wọ́n pè ní ekòló. Ẹni tí wọ́n ní kí ó fọkàn balẹ̀ lánàá, tí omi wá gbé ilé rẹ̀ lọ lónìí, ta ni yóò gbà gbọ́ lọ́la?

Bí ọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ pé, ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ pàṣẹ. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, Gary Klein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ àwọn ọ̀gá panápaná lọ ní Amẹ́ríkà láti mọ bí wọ́n ṣe ń pinnu nígbà tí iná ń jó. Wọ́n retí pé àwọn ọ̀gá náà ń gbé ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta lé òṣùwọ̀n kí wọ́n tó mú ọ̀kan. Wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti bá iná pàdé lọ́pọ̀ ìgbà a máa dá irú èyí tó wà níwájú rẹ̀ mọ̀, yóò sì mọ ohun tó kàn. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún ìjọba. Àkọ́kọ́, ẹni tó wà nítòsí ewu ni ó yẹ kí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì, ẹni náà gbọ́dọ̀ ti fi ara dánra wò kí ọjọ́ náà tó dé.

Ní Nàìjíríà, òdìkejì rẹ̀ ló wà. Alága ìjọba ìbílẹ̀ ń dúró de gómìnà, gómìnà ń dúró de Àbújá, Àbújá sì ń kọ lẹ́tà padà sí gómìnà. Omi kì í dúró de lẹ́tà. Nígbà tí òjò òru mú omi bo Mokwa, ní ìpínlẹ̀ Niger, kí ilẹ̀ ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2025 tó mọ́, ó lé ní 150 èèyàn tó kú. Nínú irú wákàtí bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà nínú ìlú nìkan ló lè jí ìlú. Òfin tó dá NEMA sílẹ̀ ní ọdún 1999 fi ààyè sílẹ̀ fún àjọ pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí omi ti ń pa èèyàn, orúkọ lásán ni irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Àwáwí owó sì ti ń tán lọ, nítorí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá a lẹ́jọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní Nàìjíríà kò lè ṣe é ti gbàgbé ọdún 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún náà, Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Nílé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde, láìka bí wọ́n ṣe ń yọ wọ́n lẹ́nu sí. Dókítà náà kò dúró de Àbújá kí ó tó pinnu. Ìpinnu náà ná an ní ẹ̀mí rẹ̀, ó sì gba ìlú Èkó là. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ibùdó kan ṣoṣo dìde fún iṣẹ́ náà, wọ́n sì lo ìmọ̀ àti òṣìṣẹ́ tí ìgbógunti àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti pèsè sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti àwọn àjọ òkèèrè jókòó sí ìdí tábìlì kan, lábẹ́ olórí kan. Wọ́n wá èèyàn 894 tó ti bá àwọn aláìsàn pàdé rí, wọ́n sì ń lọ wò wọ́n láti ojúlé dé ojúlé. Ogún èèyàn ni àrùn náà mú, mẹ́jọ kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Síbẹ̀, ọdún kan náà fi ohun tí àìtètè sọ òótọ́ ń fà hàn. Ní oṣù Kẹjọ, àhesọ tàn ká pé omi iyọ̀ ni oògùn Ebola. Ọ̀pọ̀ mu ún, wọ́n fi wẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn sì jábọ̀ pé àwọn kan kú. Wọ́n máa ń ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Lọ́jọ́ àjálù, ọjọ́ kan yẹn kò sí. Òtítọ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú irọ́ jáde nílé.

Àwọn kan yóò ní ará ìlú kì í fẹ́ kúrò nílé bí wọ́n bá tilẹ̀ kìlọ̀ fún wọn. Òótọ́ ni, ó sì nídìí. Àgbẹ̀ tí gbogbo ọrọ̀ rẹ̀ jẹ́ ewúrẹ́ àti iṣu inú oko kò ní fi wọ́n sílẹ̀ fún olè nítorí ọ̀rọ̀ tí kò dá a lójú, kí ó lọ sùn nínú kíláàsì tí kò ní omi mímu. Ilẹ̀ Bangladesh ti dojú kọ ìṣòro yìí. Ìjì ọdún 1970 pa nǹkan bí 300,000 èèyàn níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n yan àwọn aládùúgbò tó yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n kó àsíá àti gbohùngbohùn lé wọn lọ́wọ́, wọ́n kọ́ ibi ààbò, wọ́n sì ro ti ẹran ọ̀sìn mọ́ ọn. Nígbà tí ìjì líle Amphan jà ní ọdún 2020, àwọn tó kú níbẹ̀ kò tó 50. Bangladesh kì í ṣe orílẹ̀-èdè olówó. Wọ́n kàn gbà pé ẹni tó ń jẹun pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ ni aládùúgbò náà yóò gbà gbọ́.

Ohun tó kù kò le láti sọ. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan létí odò ní ẹnì kan tí gbogbo ìlú mọ orúkọ rẹ̀, tí òfin fún ní agbára láti ní kí èèyàn kúrò. Kí wọ́n fi àmì sára òpó létí odò, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí omi bá ti kan àmì yìí, ìlù yóò dún, láìdúró de fóònù ẹnikẹ́ni. Kí ọ̀rọ̀ náà jáde ní èdè Nupe ní Mokwa, ní Kanuri ní Maiduguri, ní Ígálà ní Ìdàh, láti ẹnu lémọ́ọ̀mù, pásítọ̀, ìyálọ́jà àti baálẹ̀. Kí wọ́n máa kéde bí omi dáàmù kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó lójoojúmọ́ lórí rédíò nígbà òjò. Lẹ́yìn àjálù, kí ìwádìí gbangba sọ ẹni tó mọ̀, ìgbà tó mọ̀, àti ohun tó ṣe. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn olóṣèlú yóò sá fún jù lọ, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù.

Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Àwọn ará etí odò ní ẹsẹ̀, wọ́n sì ní ọgbọ́n. Ohun tí wọ́n ń dúró dè lọ́wọ́ ìjọba ni ẹni tí yóò sọ fún wọn, kí omi tó dé, pé òní ni kí wọ́n gbé e.