Ẹ̀bi Rẹfirí Nìkan Kọ́

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, ní ìlú Limbe ní Kamẹrúùnù, rẹfirí Janny Sikazwe, ọmọ ilẹ̀ Zambia, fọn fèrè ìparí sí eré Tùnísíà àti Málì nígbà tí aago ṣì wà ní ìṣẹ́jú 85. Wọ́n pe àkíyèsí rẹ̀ sí i, eré sì tẹ̀síwájú. Kí ó tó pé ìṣẹ́jú 90, ó tún fọn ọ́n. Nígbà tí àṣẹ fi máa dé pé kí wọ́n padà wá parí ìyókù, Málì jáde, Tùnísíà kọ̀ jálẹ̀, Málì sì borí pẹ̀lú 1-0. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni aráyé tó gbọ́ pé ooru ló mú ọkùnrin náà, títí dé ilé ìwòsàn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fi Sikazwe ṣe ẹlẹ́yà. Ta ló béèrè ibi tí àwọn yòókù wà? Olùrànlọ́wọ́ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, adájọ́ kẹrin wà níbẹ̀, àwọn tó ń wo fídíò VAR náà ń wò ó. Òfin bọ́ọ̀lù gan-an sọ pé bí rẹfirí bá di ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, àwọn yòókù lè bójú tó eré títí bọ́ọ̀lù yóò fi jáde. Fèrè ìṣẹ́jú 85 yẹn tó àmì fún ẹni tó bá fẹ́ rí i.

Nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá mọ́ra sáré, adájọ́ méje ló ń wà lórí pápá líìgì NFL. Ọ̀kan ni olórí, òun ló ń dé fìlà funfun, ṣùgbọ́n àwọn méjèèje ló ní aṣọ pélébé aláwọ̀ ìyeyè lọ́wọ́. Ẹni tó bá rí ẹ̀ṣẹ̀ yóò jù ú sílẹ̀, kò ní kọ́kọ́ wo ojú olórí. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò forí korí. Bí wọ́n bá rí i pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n á ṣa aṣọ náà nílẹ̀.

Ètò náà ní àléébù tirẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, ní New Orleans, ọmọ ẹgbẹ́ Rams kan kọlu ọmọ ẹgbẹ́ Saints kí bọ́ọ̀lù tó dé ọwọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn méje tó ju aṣọ. Rams borí pẹ̀lú 26-23, wọ́n sì lọ sí Super Bowl. Bóyá oníkálukú rò pé ẹlòmíràn yóò jù ú ni. Ewu iṣẹ́ àjọṣe nìyẹn. Àmọ́ àṣìṣe ènìyàn méje ni, àjọ náà sì yí òfin padà fún sáà tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n lè fi fídíò yẹ irú rẹ̀ wò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé àṣà òyìnbó nìyí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí ọjà Aswani ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀ bá kún fọ́fọ́, ẹni tó ń bá oníbàárà kan ná òkìrìkà kò lè rí ẹni tó ń fa ẹ̀wù yọ lẹ́yìn òkìtì. Ẹni tí ìsọ̀ wọn jọ kángun síra ni yóò kígbe, kò sì sí ẹni tí yóò ní ó rí ọlọ́jà fín. Lórí pápá tiwa ńkọ́? Olùrànlọ́wọ́ tó bá ta ko rẹfirí ni a ń rí bí aláfojúdi. Bí eré bá wá dàrú, rẹfirí ni àwọn òǹwòran máa ń kọ́kọ́ gbá yá.

Ó yẹ kí àwọn alákòóso líìgì NPFL bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé tí à ń kọ lẹ́yìn eré. Kí olùrànlọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ó rí àti ohun tí ó sọ fún rẹfirí, kí ó sì buwọ́ lù ú, kí ìyà ẹni tó rí tí ó dákẹ́ lè máa tó o lọ́wọ́.