Ta Ló Kọ́ Wọn Láti Dákẹ́?

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ láti Àgbádárìgì lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, yóò kọjá ní Kankon. Ìlú náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ ẹnubodè débi pé èdè Ògù, Yorùbá àti Faransé máa ń pàdé nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo wà ní ọjọ́ kan, tí a ń dúró kí èrò kún, nígbà tí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín awakọ̀ wa àti màmá kan tó ń padà sí Àjàṣẹ́.

Awakọ̀ ń ráhùn nítorí owó epo. Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, ariwo ẹ̀yin ará Nàìjíríà ti pọ̀ jù. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí ìjọba bá ti sọ̀rọ̀, a ó gbé e mì, a ó sì máa bá iṣẹ́ wa lọ.” Awakọ̀ fèsì pé, “Màmá, ẹ má bínú o, ẹ̀yin lẹ gbà fún wọn. Ká ní àwa ni, a ti dí títì pa.” Èrò tó kù dá sí i, kálukú sì ń gbè sẹ́yìn orílẹ̀-èdè rẹ̀. Èmi kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ṣé òótọ́ ni pé a dá àwọn orílẹ̀-èdè kan mọ́ ìwọ́de, tí a sì dá àwọn mìíràn mọ́ ìdákẹ́jẹ́? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ìdáhùn tí ìjọba fún ará ìlú lánàá ni ará ìlú fi ń pinnu bóyá òun yóò sọ̀rọ̀ lónìí.

Ará Kankon mọ ohun tí òfin ìjọba lè ṣe fún ilé ẹni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, àṣẹ tún jáde pé kí a má ṣe gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo kankan tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Kankon wà nínú agbègbè yẹn. Ọlọ́kadà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata, apẹja tó ń fi ẹ̀rọ wa ọkọ̀ ojú omi, kò sí ẹni tí àṣẹ náà kò kàn nínú wọn. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni a tó ṣí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ padà. Ní òdìkejì, àgbẹ̀ àti oníṣòwò ilẹ̀ Benin tó gbójú lé ọjà Nàìjíríà pàdánù ohun tí wọ́n ní. Ta ni wọn yóò wọ́de lọ bá? Ìjọba tó ti ilẹ̀kùn kì í ṣe ìjọba tiwọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí a yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Nàìjíríà: láàárín ọjọ́ díẹ̀, epo kpayo tí wọ́n ń tà nínú ìgò lójú pópó Kútọnù àti Àjàṣẹ́ gbówó lórí. Òfin Abuja kọjá ẹnubodè láìgba ìwé ìrìnnà, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti ta ko òfin náà kò lè bá a kọjá.

Ó ya àwọn tó ń pín orílẹ̀-èdè sí aláriwo àti onísùúrù lẹ́nu bí wọ́n bá gbọ́ ìtàn. Ní ọdún 1918, àwọn Ẹ̀gbá dìde sí owó orí àti ìṣàkóso tuntun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé kà wọ́n lórí. Wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n sì gé wáyà. Ìyẹn ni Ogun Àdùbí, sójà ni Gẹ̀ẹ́sì sì fi dáhùn. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà, ní 1923, ará Àjàṣẹ́ kọ̀ láti san owó orí tí àwọn Faransé fi kún ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣe ìpàdé, àwọn òṣìṣẹ́ sì daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn Faransé náà kó sójà wọlé, wọ́n sì lé Louis Hunkanrin, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú wọn, lọ sí ilẹ̀ Mauritania fún ọdún mẹ́wàá. Ọ̀gá méjì, èdè méjì, ìbínú kan náà, ìdáhùn kan náà. Àjàṣẹ́ tí màmá inú ọkọ̀ ń sọ pé wọ́n máa ń gbé e mì, àwọn bàbá ńlá wọn kò gbé e mì.

Nígbà mìíràn, ìdáhùn máa ń dára. Láti ọdún 1947, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta gbógun ti owó orí tí a ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Nígbà tó fi di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá kejì ti fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Títí di òní, bí àwọn obìnrin wa bá fẹ́ jà fún ẹ̀tọ́, ìtàn yẹn ni wọ́n ń tọ́ka sí.

Benin náà ní tirẹ̀. Ní ọdún 1989, owó oṣù kò wọlé fún òṣìṣẹ́ ìjọba, ilé ìfowópamọ́ ń dẹnu kọlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ sì ń yan iṣẹ́ lódì. Mathieu Kérékou tó ti ń fi ipá ṣèjọba láti ọdún 1972 lè fi ìbọn dáhùn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 1990, ó gbà kí àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè wáyé ní Kútọnù, lábẹ́ alága kan tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, Isidore de Souza. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, Kérékou sì fara mọ́ ìpinnu wọn. Ní ọdún 1991 ó fìdí rẹmi nínú ìbò, ó gbé ìjọba fún Nicéphore Soglo. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó ń sọ èdè Faransé ní Áfíríkà ló wò wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe.

Kí ló wá mú kí màmá wa máa sọ pé àwọn a máa dákẹ́? Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ní ọdún 2018, òfin tuntun ní Benin dín ìyanṣẹ́lódì kù sí ọjọ́ 10 péré lọ́dún, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ méjì lọ láàárín oṣù kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, wọ́n dìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láìsí ẹgbẹ́ alátakò kankan nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn jáde ní Kútọnù, ìbọn dún, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, kí ìbò ààrẹ tó wáyé, ará Ṣábẹ̀ẹ́, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, dí ọ̀nà. Sójà ló wá ṣí i, àwọn kan sì kú. Ẹni tó bá rí èyí tó sì dákẹ́, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ó ti gbọ́ ìdáhùn ni.

Kí awakọ̀ wa náà má yangàn jù. Ní ọdún 2007, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Nàìjíríà sọ pé ará ìlú kò nílò ìwé àṣẹ ọlọ́pàá kó tó lè wọ́de. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, nígbà tí owó epo fò láti N65 lọ sí nǹkan bíi N141, àwọn ènìyàn kún ọgbà Gani Fawehinmi ní Ojota fọ́fọ́. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ alátakò ìgbà náà, Bọ́lá Tinubu pẹ̀lú wọn, bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba. Owó epo wálẹ̀ sí N97. Ìdáhùn dára díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún 2020, sójà yìnbọn ní Lẹkki níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ta ko ìwà ìkà àwọn ọlọ́pàá SARS. Nígbà tí ebi mú kí àwọn ọ̀dọ́ tún jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, Tinubu ti di ààrẹ. Ní Èkó, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n má ṣe kọjá ọgbà méjì, ti Ojota kan náà àti ti Ketu. Òótọ́ ni pé àwọn jàǹdùkú jí ẹrù kó ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, ìyẹn kò sì dára. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá, àwọn ọmọdé wà lára àwọn 76 tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ ní Abuja fún ẹ̀sùn ìdìtẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì ṣubú lulẹ̀ nítorí àárẹ̀ kí ìjọba tó ní kí a tú wọn sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ wo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò gbé délé?

Nínú ilé wa gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí a ń gbá létí nígbàkígbà tó bá béèrè ìdí, kì í ṣe pé ó gbà. Ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ sínú ni. Ọjọ́ tí yóò bá sọ ọ́, kò ní sọ ọ́ ní ohùn pẹ̀lẹ́. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ìjọba tó bá ń fi ìdákẹ́jẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ yangàn, kó rántí alángbá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín kí inú tó bí yín. Bí ẹ bá jáde, ẹ jáde ní àlàáfíà, ẹ sọ ohun tí ẹ ń fẹ́ ní pàtó, kí ẹ má sì jẹ́ kí olè fi ẹ̀yìn yín ṣe ibùba. Bí aládùúgbò yín bá dákẹ́, ẹ béèrè ohun tí ojú rẹ̀ ti rí kí ẹ tó pè é ní ojo.

Bí mo bá tún wọ ọkọ̀ ní Kankon, n kò ní dákẹ́ mọ́. N ó kí màmá dáadáa, n ó sì béèrè bóyá àwọn òbí rẹ̀ sọ ìtàn ọdún 1923 fún un rí. Kí èrò tó kún, ó ṣeé ṣe kí a rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni òun àti awakọ̀ ń sọ.