Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ta Ilé, Ẹ Dá Wa Lóhùn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni éjẹ́ǹtì kan pè mí padà lórí ilé tí a ti ná lọ́wọ́ rẹ̀ kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní onílé ti fi mílíọ̀nù mẹ́ta lé owó ilé, nítorí pé gbogbo nǹkan ti wọ́n. Iye tí a kọ́kọ́ ná an, wọn kò sọ pé àwọn gbà, wọn kò sì sọ pé àwọn kọ̀.

Ìwà yìí ló ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ọ̀ràn ilé títà ní Èkó àti Ìbàdàn. Owó ilé wọ́n, a mọ̀. Owó éjẹ́ǹtì àti ti lọ́yà wọ́n, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n onílé tó bá gbọ́ iye tí ènìyàn ná ilé rẹ̀, tó wá dákẹ́, owó onítọ̀hún ló ń jẹ láìta nǹkan kan fún un. Ẹ rántí ọdún 2023. Kí oṣù kẹfà tó wọlé, dọ́là kan kò tó 480 nàìrà ní bánkì. Kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti ju 1,400 lọ. Ẹni tó ná ilé lóṣù karùn-ún, tí wọn kò dá lóhùn títí ọdún fi yí, owó náà ṣì pé lọ́wọ́ rẹ̀, agbára owó ọ̀hún ni kò sí mọ́. Sìmẹ́ǹtì ti gbówó lórí, irin ti gbówó lórí, ilé kejì tí ì bá yíjú sí ti ju apá rẹ̀ lọ. Onílé mọ gbogbo èyí. Ó ti rí ẹnìkan fi sọ́wọ́, ó wá ń wojú ọjà bóyá ẹlòmíràn tó lówó jù bẹ́ẹ̀ lọ á yọjú.

Ìyá tó ń ta tòmátì ní Bódìjà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ síni. Ẹ ná an, á ní kò gbà, tàbí kó sọ iye tó máa gbà, lójú ẹsẹ̀. Ilé tí ènìyàn fẹ́ fi gbogbo làálàá ayé rẹ̀ rà kò wá yẹ fún èsì?

Mo mọ̀ pé ilé ẹbí yàtọ̀. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí tó yẹ kó fọwọ́ sí i gbọ́, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Bí ọmọ ẹbí kan bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni. Kí wọ́n pàdé, kí wọ́n jiyàn tẹ́rùn. Ẹni tó fẹ́ rà náà kò fẹ́ ẹjọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ọjọ́ ìpàdé fún un, kó lè mọ èyí tó máa ṣe.

Ní California, gbèdéke ti wà nínú ìwé tí àwọn éjẹ́ǹtì máa ń lò: bí onílé kò bá fọwọ́ sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, iye tí wọ́n ná an ti kú nìyẹn, àfi bí wọ́n bá kọ ọjọ́ mìíràn sí i. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ní kí éjẹ́ǹtì kọ iye tí ẹnikẹ́ni bá ná ilé ránṣẹ́ sí onílé kíákíá. Onílé ibẹ̀ ṣì lè yẹ àdéhùn lẹ́yìn tó ti gbà, ìyẹn náà kò dára, ṣùgbọ́n èsì ń dé.

Èkó ní LASRERA tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ títà. Kí wọ́n pa á láṣẹ fún éjẹ́ǹtì pé iye tí wọ́n bá ná ilé gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ èsì. Kí ẹni tó fẹ́ rà náà sì kọ ọjọ́ tí owó rẹ̀ máa kúrò nílẹ̀ sínú lẹ́tà. Olùkọ́ kan tí mo mọ̀ n'Íbàdàn ṣe bẹ́ẹ̀. Éjẹ́ǹtì fi rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ olóògbé tó ni ilé ń bá ara wọn fà á, ọ̀kan nínú wọn wà ní Houston, kì í tètè gbé fóònù. Ọjọ́ pé, kò sí èsì. Olùkọ́ kó owó rẹ̀ lọ sí Mọ́níyà, ó ra ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìgbà tó yá ni éjẹ́ǹtì pè é pé ẹbí ti gbà, iye tó ná an náà ni wọ́n máa gbà. Ó ní kó bá òun kí wọn, búlọ́ọ̀kù òun ti dé ojú fèrèsé.