Ààtàn Ọjà Wa, Ajílẹ̀ Ni

 

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí ìdọ̀tí ọjà. Ní ìrọ̀lẹ́, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo ẹ̀gẹ́, ewé ẹ̀fọ́ tó ti rọ àti ọsàn jíjẹrà la ń gbá jọ pẹ̀lú ọ̀rá náílọ̀nù, a ó sì ṣáná sí i. Èéfín á bo gbogbo wa. Bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ilẹ̀ la ń sun níná yẹn o!

Àwọn àgbẹ̀ tó ń kó ẹrù wá fún wa ń ké pé ilẹ̀ ti ṣá. Láti ọdún 2022 tí ogun Rọ́ṣíà àti Yukréènì ti le, ajílẹ̀ òyìnbó gbówó lórí. Bí ilẹ̀ kò bá rí jẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ á tín-ín-rín, àwa náà la ó sì rà á lọ́wọ̀n-ún.

Àwọn ìyá wa mọ̀ pé tètè àti elégédé etí ààtàn kì í bèèrè ajílẹ̀. Ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn, ní àwọn ọdún 1990 sí 1999, wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ tó ń fi ìdọ̀tí ọjà àti ìgbẹ́ màlúù ṣe ajílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pacesetter. Tiwa kò dìgbà tí a bá ní ilé iṣẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ sílẹ̀, ẹ da èèpo tútù lé e, ẹ fi ìgbẹ́ adìyẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ tún fi ewé gbígbẹ bò ó. Ẹ máa wọ́n omi sí i kó lè tutù díẹ̀, kó má rin gbingbin. Inú rẹ̀ á gbóná. Ẹ máa yí i lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Tó bá tó bí oṣù mẹ́ta, á dúdú, á máa rùn bí ilẹ̀ igbó. Ẹ má fi ẹran tàbí ẹja sí i o, eku á wá.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bù ú sí ìdí ẹ̀fọ́, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, kí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn má fa omi rẹ̀ gbẹ. Ẹ má jẹ́ kí koríko náà kan igi rẹ̀, nítorí ikán.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní agbọ̀n méjì: ọ̀kan fún ohun tó lè jẹrà, èkejì fún náílọ̀nù, ìgò àti bátìrì. Mọ́tò tó já ẹrù láti Oníparaga kò yẹ kó padà lófìfo. Kó gbé agbọ̀n àkọ́kọ́ lọ sóko.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ilẹ̀ tó bọ́ wa, ẹ jẹ́ ká bọ́ òun náà. Ajé á wọgbá o.