Ohun Ìjà Onítànṣán: Agbára Nìkan Kọ́ Ni Òṣùwọ̀n

Bí àwọn olólùfẹ́ ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì bá péjọ, àríyànjiyàn kan kì í tán láàárín wọn: ohun ìjà onítànṣán wo ló lágbára jù? Wọn a tò wọ́n ní ìpele ìpele. Ìbọn ìléwọ́ tí ń tan iná dípò ọta ni wọ́n fi ń ṣe ìpele àkọ́kọ́. Èyí tí ọmọ ogun ń gbé kọ́ èjìká tẹ̀ lé e. Ti inú ọkọ̀ òfuurufú tún ju ìyẹn lọ. Paríparì rẹ̀ ni èyí tó lè fọ́ odindi ayé kan túútúú, irú èyí tí a rí nínú sinimá Star Wars ti ọdún 1977. Agbára ni òṣùwọ̀n wọn. Ní tèmi o, òṣùwọ̀n náà kò tó. Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè ni ohun tí ìtànṣán náà ń ṣe sí ara ẹni tó bá bà, àti ẹni tí yóò jíhìn fún un.

Àwọn òǹkọ̀wé tó mọ iṣẹ́ wọn dunjú kò fi ìbéèrè yìí ṣeré. Ní ọdún 1898 ni ìwé The War of the Worlds, tí H. G. Wells ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ, jáde. Nínú rẹ̀, àwọn àjèjì tó wá láti Máàsì ní ohun ìjà kan tí ń fi ooru tí ojú kò rí jó ohun gbogbo tó bá kàn. Àwọn wo ni ó kọ́kọ́ jó? Àwọn ènìyàn díẹ̀ tó gbé àsíá funfun lọ pàdé àwọn àjèjì náà ni. Ohun tí Wells fi yé wa níbẹ̀ ju ọ̀rọ̀ agbára lọ: ẹni tí ohun ìjà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ka ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ sí ènìyàn.

Nínú Star Trek, tó bẹ̀rẹ̀ lórí amóhùnmáwòrán Amẹ́ríkà ní 1966, ohun ìjà kan náà ni a lè yí sí ọ̀nà púpọ̀. A lè yí i kí ẹni tó bà kàn dákú. A lè yí i kí ó pa á. A sì lè yí i kí ó pòórá pátápátá. Ìka ọwọ́ ẹni tó mú un ló ń pinnu. Nínú Dune, ìwé tí Frank Herbert gbé jáde ní 1965, bí ìtànṣán bá kan asà agbára tí ẹlòmíràn fi dáàbò bo ara rẹ̀, ìbúgbàmù tó tẹ̀ lé e lè gbé ayìnbọn àti ẹni tó yìnbọn sí lọ pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn inú ìwé náà fi ń ṣọ́ra kí wọ́n tó lò ó. Ohun tó lè padà ba ẹni tó jù ú ló di òfin fún wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ìtàn lásán. Ọdún 1960 ni Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta, 1983, Ààrẹ Ronald Reagan kéde ètò láti dá misáìlì àwọn ọ̀tá dúró kí ó tó balẹ̀, lésà sì wà lára ohun tí wọ́n ṣèwádìí lé lórí. Àwọn alátakò fi orúkọ sinimá náà, Star Wars, pe ètò ọ̀hún. Ètò náà kò wá sí ìmúṣẹ bí wọ́n ṣe là á kalẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ lórí lésà kò dúró. Ní 2014, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà gbé lésà kan tí agbára rẹ̀ tó 30 kílówáàtì sórí ọkọ̀ USS Ponce. Ní oṣù Kìíní 2024, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé lésà DragonFire ti ba ohun tí wọ́n fojú sùn lófuurufú nígbà ìdánwò ní Scotland, wọ́n sì ní iye tí ẹ̀ẹ̀kan yóò náni kì í sábà tó 10 pọ́n-ùn.

Òótọ́ ni pé ìkùukùu, kùrukùru àti eruku máa ń dín agbára ìtànṣán kù, èyí tí àwọn onísinimá kì í sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ owó ni misáìlì ń náni, owó náà sì jẹ́ ìjánu. Bí pípa bá wá di ohun tí kò wọ́n, kí ni yóò dá ọwọ́ dúró? Àwọn baba wa sọ ogun kan ní Kírìjì nítorí ìró ìbọn tí wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀; ogun náà parí ní 1893, ìró náà ṣì wà nínú orúkọ rẹ̀. Ìtànṣán kì í dún bí ìbọn. Ẹni tó bà lè má mọ ibi tó ti wá, ẹlẹ́rìí sì lè má rí nǹkan kan sọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a má ṣe jẹ́ kí orúkọ dídùn tàn wá. Amẹ́ríkà ní ẹ̀rọ kan tí ń fi ìgbì mú awọ ara ènìyàn gbóná títí yóò fi sá. Wọ́n ní kì í pani. Wọ́n gbé e lọ sí Afghanistan ní 2010, wọ́n sì gbé e padà láìlò ó. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ohun tí ń da oró sára ènìyàn láìfi àpá sílẹ̀ lè wu ẹni tó fẹ́ tú ogunlọ́gọ̀ afẹ̀hónúhàn ká, nítorí kò sí àpá tí wọn yóò fi hàn adájọ́.

Síbẹ̀, ayé ti pín ohun ìjà yìí bó ṣe yẹ nígbà kan. Ní oṣù Kẹwàá 1995, ní Vienna, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí àdéhùn tó fòfin de lésà tí wọ́n dìídì ṣe láti fọ́ ènìyàn lójú títí láé. Ní 1998 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọn kò wo iye kílówáàtì. Ojú ènìyàn ni wọ́n wò. Wọn kò sì dúró kí àwọn afọ́jú kún ìgboro kí wọ́n tó ṣòfin. Àléébù rẹ̀ ni pé kò de lésà tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ mìíràn, tó wá ṣèèṣì fọ́ni lójú.

Àléébù yẹn ló yẹ kí a dí báyìí, kí a sì fi ìyókù ara kún ojú: awọ, ọpọlọ àti ọkàn. Kí òfin dárúkọ ẹni tí yóò jíhìn nígbà tí ìtànṣán bá ba aláìṣẹ̀. Ilẹ̀ tí kò rọ ìbọn rí ṣáà ni ìbọn wọ̀, tó sì jà á run. Èyí náà kò ní béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wa. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àwa ènìyàn ni yóò gbẹ́ ẹ, àsìkò tó sì yẹ láti gbẹ́ ẹ ni kí ọ̀bẹ tó dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn.