Ẹ Fi Ìyá Mi Sílẹ̀ Nídìí Gòòrò

Àbúrò mi pè láti London pé ká gbé ìyá wa lọ sílé ìtọ́jú àgbàlagbà. Iṣẹ́ tòun náà nìyẹn lọ́hùn-ún, ó ń wẹ̀ fún arúgbó òyìnbó.

Èmi ò bú irú ilé bẹ́ẹ̀. Regina Mundi tàwọn Kàtólíìkì ní Mushin ń gba arúgbó tí kò lẹ́nì kan. Ṣùgbọ́n ní Sábó, Ṣàgámù níbí, ìyá mi, ẹni ọdún 83, ṣì ń fi èékánná yẹ gòòrò wò, ó ń ṣa èyí tí kòkòrò ti lu sọ́tọ̀. Àwọn Haúsá oníbàárà rẹ̀ á ní, "Sannu, Mama." Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú fún un, ó bi mí pé, "Ta ni n ó máa bá nájà níbẹ̀?"

Òfin tó dá ibùdó àgbàlagbà orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀ ti wà láti 2018. Ẹ̀yin ìjọba, ẹ kọ́ ọ̀kan sítòsí ọjà wa, kí ìyá mi máa lọ lọ́sàn-án, kó wá sùn sílé.