Ẹni tí orí yọ lẹ́nu iṣẹ́, kó má dákẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ wo ilé ẹ̀rọ tí a ti ń lọ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Okùn tó ń yí ẹ̀rọ fa etí ìró obìnrin kan, aṣọ ya, ara bọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ á ní, "Orí yọ ọ́ o!" Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Lọ́la, ẹlòmíràn ni yóò dúró síbẹ̀.

A kò ní kí ènìyàn má dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ nìkan kò tíì bo okùn ẹ̀rọ rí.

Àwọn ará Amẹ́ríkà fojú rí i. Ní 1974, ọkọ̀ òfúrufú kan ń bọ̀ wá balẹ̀ nítòsí Washington, ó fò wálẹ̀ jù, díẹ̀ ló kù kó kọlu òkè kan ní Virginia. Awakọ̀ rẹ̀ sọ ọ́, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ tirẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ yòókù kò gbọ́. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, ọkọ̀ TWA 514 kọlu òkè kan náà. Gbogbo ènìyàn 92 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Ní 1976 ni wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ lábẹ́ àjọ NASA, tí awakọ̀ lè fi ròyìn ewu tó yọ nínú rẹ̀. Wọ́n a máa yọ orúkọ rẹ̀ kúrò kí ẹ̀rù má baà bà á.

Ẹ̀rù yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ iṣẹ́ tó bá sọ pé iná fẹ́rẹ̀ẹ́ mú òun lẹ́bàá epo, èébú ni ọ̀gá á kọ́kọ́ bù ú, bóyá ìgbátí pẹ̀lú. Ta ni yóò tún sọ? Ní Sèmè-Kraké, ní oṣù Kẹsàn-án 2023, iná jó ibi tí wọ́n kó epo kpayo sí, ó ju ènìyàn 30 lọ tó kú. Síbẹ̀, lójú ọ̀nà wa, a ṣì ń rí ẹni tó ń da kpayo sínú ìgò, tí ẹni tó ń mu sìgá sì dúró tì í.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò gba owó. Kí ẹ tó ṣíwọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ bi àwọn ọmọ iṣẹ́ yín pé, "Kí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí?" Ẹni tó bá sọ, ẹ má nà án. Ẹ tún ohun tó sọ ṣe lójú gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ irú ẹ̀rọ tí àwọn mìíràn náà ń lò ni, ẹ ránṣẹ́ sí wọn, kódà bí ẹ bá jọ ń du oníbàárà.